Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ: èwo gan-an ni ojúlówó nínú gbogbo bébà tí wọ́n ń kó lé òbí lọ́wọ́ l'Ékòó?

Ẹni tó bá bímọ l'Ékòó lónìí, ọmọ ò ní tíì lè dá jókòó tí bébà á ti kún inú báàgì ìyá rẹ̀. Ilé ìwòsàn á fún un ní ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí, wákàtí àti ìwọ̀n ọmọ sí. Nọ́ọ̀sì á fún un ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ará ilé kan á ní kó lọ sí káńsù, aládùúgbò á ní Population ni kó lọ. Ẹlòmíì á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé bí ọmọ bá dàgbà wọ́n á lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba páàsípọ́ọ̀tù fún ọmọ, tí wọ́n dá ìwé wọn padà fún wọn.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ tí wọ́n bí lónìí ni èyí tó ti ọwọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn wá, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní NPC tàbí Population. Òfin ọdún 1992, tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan káàkiri Nàìjíríà, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ohun kan wà tó yẹ kí òbí fi sọ́kàn kó tó jáde nílé: kì í ṣe bébà lẹ ń lọ gbà. Orúkọ ọmọ lẹ ń lọ fi sínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹ̀dà ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni bébà tí wọ́n máa fún yín. Bí orúkọ ọmọ kò bá sí níbẹ̀, bébà tó wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kó dán tó, kò ní ohun tó tì í lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ìwé ilé ìwòsàn ti yàtọ̀. Yálà ní Island Maternity lẹ bímọ sí, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábàá, ohun tí ìwé wọn ń sọ kò ju pé obìnrin báyìí bí ọmọ báyìí síbí lọ́jọ́ báyìí. Orúkọ ọmọ gan-an lè má sí nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti ní kí ìyá máa lọ sílé kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Òun lẹ máa fi gba ti NPC, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, wọ́n á fi àwọ̀ góòlù sí etí rẹ̀, wọ́n á tún tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó sí i. Ó rẹwà lóòótọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Ti kọ́ọ̀tù ńkọ́? Ìbúra ni. Bàbá, ìyá tàbí mọ̀lẹ́bí tó dàgbà ju ẹni náà lọ á búra níwájú òfin pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn àgbà tí wọ́n bí nígbà tí kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló ń wúlò fún. Ìkókó ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Káńsù ló le láti ṣàlàyé, torí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù kì í parọ́ nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ àwọn ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin kan náà ló tún gbé e lé NPC lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa ṣe ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ méjì, iṣẹ́ kan. Ìtàn Èkó pàápàá tún dá kún un. Ìlú yìí ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí Nàìjíríà tó ní orúkọ: òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú kan jáde ní 1863, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, Erékùṣù Èkó àti Ẹ̀bùté-Mẹ́tta ló sì kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn káńsù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí màmá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀-Èkó tàbí ní Kámpọ́ọ̀sì bá yọ ìwé ìbí tí káńsù fún àwọn òbí rẹ̀ láyé àtijọ́ jáde nínú àpótí, ìwé gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má fojú di í. Àmọ́ kí màmá má fi tiẹ̀ júwe ọ̀nà fún ọmọ-ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ti NPC ni ọ́fíìsì páàsípọ́ọ̀tù ń bèèrè fún ọmọ tòní.

Ẹ̀ka míì tún wà nínú ọ̀rọ̀ káńsù yìí tó kan àwa ará Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá káńsù 37 mìíràn, tí wọ́n ń pè ní LCDA, kún un. Ẹni tó ń gbé ní Yaba LCDA, abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Mainland ló wà lójú ìwé òfin. Ẹni tó wà ní Lagos Island East, abẹ́ Lagos Island. Bí wọ́n bá bi yín ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ sí, ọ̀kan nínú àwọn 20 yẹn ni kẹ́ ẹ dárúkọ.

Ó wá ku àkókò. Òfin fún òbí ní 60 ọjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ìjọba fẹ́ kí àwọn sáré fún ọmọ lórúkọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Rárá o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 gan-an sọ ọ́ kedere pé a lè fún ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tàbí lọ́jọ́ tí àṣà àwọn òbí rẹ̀ bá yàn, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin 1992 ṣe wí. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ní 2007. Nítorí náà, ẹ sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ yín, kí ẹ jẹ, kí ẹ mu. Kí ìyá sinmi títí ogójì ọjọ́ tí àwọn àgbà bá ní kó sinmi. Ààyè ṣì wà.

Ohun tí mo rí pé ó ń mú kí ọjọ́ kọjá lórí àwọn òbí ni pé kò sí ohun tó ń rán wọn létí. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún ti ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n ní kí ọmọ padà wá, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹwàá, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ kẹfà jẹ́ ọjọ́ 42. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá jẹ́ 70, 60 ti kọjá lọ. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìgbà ìkẹyìn tí káàdì yín máa gbé yín jáde kí gbèdéke òfin tó pé. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bóyá òṣìṣẹ́ NPC máa ń jókòó sí ọgbà wọn, nítorí wọ́n wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá àti ilé ìlera alábọ́ọ́dé, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ pàápàá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ́fíìsì NPC wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn dání, káàdì abẹ́rẹ́, àti ìwé ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà NIN ti àwọn òbí. Bàbá nìkan lè lọ, ìyá nìkan lè lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ìyẹn nítorí àwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ, tí ẹnu àwọn ènìyàn ti lé jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba. Òfin dárúkọ bàbá àti ìyá, ọ̀kan nínú wọn ti tó. Bí àwọn méjèèjì ò bá lè lọ, alágbàtọ́ ọmọ tàbí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i lè lọ sọ ọ́. Ẹni tó bímọ sílé, sọ́dọ̀ abíwẹ́rẹ́, tàbí sí ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà nínú òfin yìí bíi ti ẹni tó bí sí ọsibítù ńlá. Kí agbẹ̀bí kọ ìwé fún un, tó ní ọjọ́ àti orúkọ ìyá, kí wọ́n sì tètè gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, torí káàdì yẹn á jẹ́ ẹ̀rí kejì. Ìbejì gba ìwé méjì, Táíwò tirẹ̀, Kẹ́hìndé tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ síbi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ dé báyìí, ìyẹn orí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀pọ̀ ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá máa ń ní orúkọ púpọ̀. Bàbá ti sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá ti sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá-ìyá ju owó sínú abọ́ ó sọ ọ́ ní tirẹ̀, oríkì wà níbẹ̀, àmútọ̀runwá lè wà níbẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ orúkọ ọmọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló máa wọ inú ìwé. Ẹ ti fìmọ̀ ṣọ̀kan nílé lórí orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́ àti ọ̀kan tó máa tẹ̀ lé e. Orúkọ ìdílé yẹn, ẹ wò ó bó ṣe wà lórí NIN bàbá, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí bàbá ò tiẹ̀ fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kọ tiẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wa l'Ékòó. Ọ̀kan ń kọ Sola, èkejì ń kọ Shola. Ọ̀kan ń kọ Mohammed, èkejì Muhammad, ìkẹta Muhammed. Ẹ mú orúkọ bíi Olúwaṣindára. Bí òbí bá kàn pè é fún akọ̀wé tó wà lẹ́yìn tábìlì, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké, tí ọmọ mẹ́wàá ń sunkún torí abẹ́rẹ́, akọ̀wé lè kọ Oluwasindara, ó lè kọ Oluwashindara, ó lè pín in sí méjì, Oluwa Sindara. Etí tiwa ń gbọ́ orúkọ kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bó bá ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn ló máa bá ọmọ dé NIN, dé ilé ìwé, dé WAEC, dé páàsípọ́ọ̀tù. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ náà sórí bébà nílé, ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì, bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí títí ayé, kẹ́ ẹ gbé bébà yẹn síwájú akọ̀wé. Ẹ má pè é lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí ọmọ sí náà máa ń da nǹkan rú. Bàbá tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní Lafiaji, á ní kí wọ́n kọ Ìjẹ̀bú-Òde torí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ ìlú nù. Kò sí ìlú tó ń sọnù. Ibi tí ọmọ ti délé ayé ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, Lagos Island sì ni. Ìpínlẹ̀ tí àwọn òbí ti ṣẹ̀ wá ní àyè tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù kan náà, ibẹ̀ ni kí bàbá ti sọ pé Ògùn ni òun. Ẹ má tún gbàgbé ọmọ tó délẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá òru: ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ń pe ọjọ́ tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ gba ìwé náà kẹ́ ẹ kà á sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọkùnrin ni àbí obìnrin. Orúkọ ìyá. Bí àṣìṣe bá wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ ó búra ní kọ́ọ̀tù, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹ ó sì tún máa káàkiri ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ti kọ àṣìṣe náà sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Mo ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni láàárín 60 ọjọ́. NPC fúnra wọn sì ti kéde rẹ̀ léraléra pé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹnì kan bá wá bèèrè owó, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé owó kí ni, kẹ́ ẹ sì bèèrè rìsíìtì. Ejẹ́ńtì tó dúró sẹ́nu géètì, tó ní kẹ́ ẹ fún òun ní orúkọ ọmọ àti owó kí òun bá yín gbé ìwé dé ilé, ni kẹ́ ẹ sá fún jù. Ó lè mú bébà wá lóòótọ́, tó ní òǹtẹ̀, tó ní nọ́ńbà. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà yẹn wá orúkọ ọmọ nínú àkọsílẹ̀, tí wọn ò rí i, ẹ̀yin lẹ mú ayédèrú wá. Mo mọ̀ pé ìlà máa ń gùn, mo mọ̀ pé ìyá ọlọ́mọ tuntun ò ní agbára ìdúró. Kí bàbá lọ dúró, tàbí àǹtí ọmọ tẹ̀ lé ìyá lọ bá a gbé ọmọ.

Ó dùn mí pé àwọn kan ṣì ń rí gbogbo èyí bí wàhálà àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní 2021 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNICEF fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn tí ìbí wọn wà lákọsílẹ̀ jẹ́ 57 nínú 100. Àwọn tó kù ò lè fi ọjọ́ orí wọn hàn. Ẹ wo ọmọkùnrin ọdún 15 tí ọlọ́pàá kó mọ́ àwọn géńdé ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọdé ni lójú òfin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ọmọdé ṣẹjọ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó ga, irùngbọ̀n ti ń hù, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọmọ 19 ni. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 14 tí ẹnì kan fẹ́ fẹ́ tipátipá, tí ẹni náà ń búra pé ọmọ náà ti pé 18. Kí ni ìyá rẹ̀ máa gbé síwájú adájọ́?

Bí 60 ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má fi ìtìjú jókòó sílé. Ọmọ ọdún 3, ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 16 ṣì lè gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí NPC. Wọ́n kàn máa bi yín ní ìbéèrè sí i, ẹ̀rí tó pọ̀ sì ni kẹ́ ẹ kó lọ: ìwé ilé ìwòsàn bó bá ṣì wà, káàdì abẹ́rẹ́, ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé ìwé. Ẹni tó ti lé ní 18 tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí, ìwé mìíràn ni NPC ń fún irú wọn, lẹ́tà tó ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ìbí, kì í ṣe irú tọmọdé, wọ́n sì ń gba owó fún un.

Láti 8 oṣù kọkànlá 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ètò ìforúkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ìwé tí akọ̀wé ń fi bírò kọ ti ń fàyè sílẹ̀ fún èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀. Tí èyí bá ti wà lọ́wọ́ yín, NIN ló kàn. Òbí ló ń forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sílẹ̀ fún NIN, NIN òbí ni wọ́n sì máa ń so ti ọmọ mọ́. Páàsípọ́ọ̀tù á wá tẹ̀ lé e, torí wọn kì í gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ láìsí NIN.

Bí ìwé bá wá sọnù, tàbí tí omi òjò wọlé bà á jẹ́, orúkọ ọmọ ò sọnù, ó wà nínú àkọsílẹ̀ NPC, ẹ lè san owó kí wọ́n wá a kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ló ń mú kí wíwá yá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ àti sí ẹnì kan tí kì í gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín, kẹ́ ẹ sì da nọ́ńbà náà kọ sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára.